The Gift ti Beyoncé: ẹ̀bùn tí kìnnìún ò rí gbà

Ẹni tó bá jáde nílé sinimá lẹ́yìn The Lion King ti ọdún 2019, tó wá sáré gbé The Gift, àwo orin tí Beyoncé ṣe nítorí fíìmù náà, sétí kó lè tún orin inú fíìmù náà gbọ́, yóò wá Hakuna Matata títí, kò ní rí i. Kò ní rí Can You Feel the Love Tonight náà, bẹ́ẹ̀ Beyoncé fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ ọ́ nínú fíìmù. Orin mẹ́rìnlá ló wà nínú The Gift. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, Spirit, ló dún nínú fíìmù. Ìta ni àwọn mẹ́tàlá yòókù wà.

Àwo méjì ni, orúkọ wọn sì jọra débi pé èèyàn lè fi owó tàbí dátà gbé ọ̀kan, kó máa rò pé èkejì lòun gbé. Èyí tó jẹ́ ti fíìmù gan-an jáde ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2019, lábẹ́ Walt Disney Records. Inú rẹ̀ ni orin tí Hans Zimmer ṣe sábẹ́ ìran wà, pẹ̀lú ohùn Lebo M, àti àwọn orin tí Elton John àti Tim Rice ti kọ sílẹ̀ láti 1994, tí Pharrell Williams wá bá wọn tún ṣe. The Gift tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 19, ọjọ́ kan náà tí fíìmù jáde ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Parkwood tí í ṣe ilé iṣẹ́ Beyoncé, àti Columbia. Spirit ló wà nínú méjèèjì. Tí ẹ bá rí orúkọ Zimmer lára àwo tí ẹ fẹ́ gbé, kì í ṣe èyí tí a ń sọ níbí.

Beyoncé ló fi ohùn ṣe Nala, abo kìnnìún, nínú fíìmù náà, Donald Glover ló ṣe Simba, ọmọ ọba kìnnìún. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwo yìí, ó pè é ní lẹ́tà ìfẹ́ sí Áfíríkà, ó sì ní òun kò fẹ́ kàn mú ìró Áfíríkà kí òun máa fi ṣe tòun. Àwọn olórin ibẹ̀ gan-an lòun fẹ́ pè. Ọgbọ́n àwo tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù kì í ṣe tuntun. Kendrick Lamar ṣe irú rẹ̀ fún Black Panther ní 2018. Wọ́n á pe gbajúmọ̀ olórin kan, á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, á ṣe orin tó bá ìtàn náà mu, kò sì pọn dandan kí orin náà wọnú ìtàn.

Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ti 1994. Orin márùn-ún Elton John ló ń ti ìtàn náà síwájú nígbà náà. Ẹ yọ Be Prepared kúrò, ẹ ò ní mọ bí Scar, arákùnrin ọba, ṣe kó àwọn ìkookò sábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ yọ Hakuna Matata kúrò, Simba á kàn ṣàdédé di géńdé ni, torí inú orin yẹn ló ti dàgbà. Àmọ́ tí ẹ bá yọ odidi The Gift kúrò, yàtọ̀ sí Spirit, fíìmù náà kò ní yingin. Àwo orin lásán ni, ojú àwo orin ni ká sì fi wò ó. Tí a bá sì fi ojú yẹn wò ó, iṣẹ́ tó dára ni, iṣẹ́ tó dára ju fíìmù tí wọ́n ṣe é fún lọ pàápàá, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń fẹsẹ̀ kọ.

Ibi àkọ́kọ́ tó ti fẹsẹ̀ kọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó sáàárín orin. Àwo tó kọ́kọ́ jáde ní nǹkan 27 nínú: orin 14, àti 13 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n gé láti inú fíìmù. Gbogbo rẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 54. Mufasa, bàbá Simba, á sọ̀rọ̀, orin á tẹ̀ lé e. Scar á sọ̀rọ̀, orin á tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni okùn tí wọ́n fi so orin mọ́ ìtàn, wọn kò sì so ó lásán. Lẹ́yìn tí Mufasa bá sọ nípa ìràwọ̀ àti àwọn ọba àtijọ́ ni Find Your Way Back wọlé, orin tí ọmọ ti ń rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ní kó máa gbójú sókè wo ìràwọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Scar ni Don't Jealous Me wọlé. Lẹ́yìn tí Scar lé Simba kúrò nílé ni Nile wọlé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Timon àti Pumbaa, àwọn onífàájì, ni Mood 4 Eva wọlé. Lẹ́yìn tí Nala kéde ogun ni My Power wọlé. Ẹni tó bá ti mọ ìtàn náà dáadáa lè fi orin wọ̀nyí tọ ọ́ láti orí dé ìdí.

Orin kan ṣoṣo ni kò ní ọ̀rọ̀ níwájú: Brown Skin Girl. Ẹ̀yìn orin Water ló tẹ̀ lé tààrà. Kò sì yani lẹ́nu. Orin ìyìn fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ni, nínú ìtàn tí kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kìnnìún wo ni wọn ìbá gé síwájú rẹ̀?

Ìṣòro àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n dùn. Tó bá di ìgbà kẹta, ẹ ó ti máa fo wọ́n. Tí ẹ bá tẹ shuffle, èyí tó máa ń da ètò orin rú, lórí fóònù, Mufasa á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ níyànjú láàárín orin ẹlòmíì, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ yẹn ni fóònù kà sí orin tó dá dúró. Wàhálà kejì ni crossfade, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìparí orin kan wọnú ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Lórí Spotify, ó lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 12. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò gùn tó ìṣẹ́jú kan. Tí crossfade bá jẹ ìṣẹ́jú-àáyá 12 níwájú, tó jẹ 12 lẹ́yìn, kí ló kù? Ẹ dá a padà sí òdo kí ẹ tó gbọ́ àwo náà lódindi.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ gbé ẹ̀dà Deluxe tó jáde ní ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 2020. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ fíìmù kúrò níbẹ̀, wọ́n wá fi Black Parade kún un, àti Find Your Way Back tí MeLo-X tún pò. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe to ìtàn náà. Deluxe wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin.

Nínú orin mẹ́rìnlá náà, Beyoncé wà nínú mẹ́wàá. Kò sí nínú Don't Jealous Me, Ja Ara E, Keys to the Kingdom àti Scar. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kó o, ibẹ̀ sì ni etí Yorùbá á ti kọ́kọ́ nà.

Ẹ jẹ́ ká mú Ja Ara E. Burna Boy nìkan ló kọ ọ́, P2J ló ṣe ìlù rẹ̀, P2J náà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní London. Wọ́n kọ àkọlé náà láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìdí lábẹ́ lẹ́tà, àríyànjiyàn sì wọlé. Àwọn kan ń kà á bíi pé jíjà ni, pé kí èèyàn jà fún ara rẹ̀. Àmọ́ Yorùbá kì í wí bẹ́ẹ̀: "jà fún ara ẹ" ni à ń wí, "fún" kì í sọ nù níbẹ̀. "Já ara ẹ" ló bá a mu, bí a ṣe ń já okùn, bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń sùn nídìí nǹkan tó yẹ kó la ojú sí. Ohun tí orin náà ń sọ sì nìyẹn: ṣọ́ra fún ìkookò. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tí Simba àti Nala kékeré ti kó sínú ewu ni wọ́n gbé e sí, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ìdí ìkòkò lórí àdògán. Burna Boy, ọmọ Port Harcourt, ló wá fi Yorùbá pe àkọlé orin nínú àwo Amẹ́ríkà. Bí Èkó ṣe ń sọ èdè nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni African Giant tirẹ̀ jáde, tí ẹ bá sì gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ ó rí i pé kò yí ohùn padà torí pé ẹni ńlá pè é. Ó kọrin bó ṣe ń kọ ọ́ nílé. Ohun tó mú un dára jù nìyẹn.

Don't Jealous Me ni ti Tekno, Yemi Alade, Mr Eazi àti Lord Afrixana ará Ghana. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé lè rò pé àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àkọlé yẹn. Kò sí àṣìṣe kankan. "Má jowú mi" ni, a kàn wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún un ni. Nínú èdè wa, "jowú" lágbára láti mú ẹni tí à ń jowú rẹ̀ dání tààrà. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orin náà lágbára níbi ìlù, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ti pọ̀ jù fún un. Ẹnì kan kò tíì gbádùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ tán tí ẹlòmíì fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Keys to the Kingdom, ti Tiwa Savage àti Mr Eazi, ni èyí tí àwọn olùgbọ́ sábà máa ń fò kọjá, wọn kò sì ṣe dáadáa. Èèyàn méjì péré, ègbè tó rọrùn, àti ohùn Tiwa tó gùn ún láìkánjú. Lẹ́yìn tí Nala ti ní kí Simba padà wálé ló wọlé, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí àwọn àgbà máa ń fún ọmọ tó ń jáde nílé: rántí ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ orin kan tí ẹ lè gbé sí etí ọmọdé láìfòyà, òun ni.

Ibi tí Yorùbá ti fara pamọ́ jù nínú àwo yìí ni Find Your Way Back. Ẹni tó bá mọ Maradona, orin tí Niniola, ọmọ Èkìtì, gbé jáde ní 2017 pẹ̀lú ìlù Sarz, á ti gbọ́ ohùn orin náà kí ẹsẹ̀ kìíní tó parí. Wọ́n yá a lò, wọ́n sì kọ orúkọ Niniola àti Sarz sára àwọn tó ni orin. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé Maradona jẹ́ orin nípa olólùfẹ́ tó ń gbá èèyàn bíi bọ́ọ̀lù, tó ń rẹ́ni jẹ. Ohùn orin kan náà ló wá di ìmọ̀ràn bàbá fún ọmọ lẹ́nu Beyoncé. Ẹni tí kò gbọ́ ti Niniola rí kò ní mọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ rí á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Bankulli, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ orin, wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìlù rẹ̀ rọ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò pariwo. Nínú gbogbo orin tí Beyoncé dá kọ nínú àwo yìí, òun ló dára jù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: ó tẹ̀ lé ìlù dípò kó máa wọ́ ìlù tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn nípa àwo yìí. Bí ohùn Beyoncé ṣe lágbára tó, tó bá gbé e sókè tán, orin á fara balẹ̀ dè é, ìlù á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Bigger àti Otherside ṣe rí. Orin ohùn ni wọ́n. Dùùrù ló gbé Otherside, ohùn ló gbé àwọn méjèèjì délé. Wọn kò burú. Wọ́n kàn lè wà nínú àwo Beyoncé mìíràn láìsí ẹni tó máa béèrè ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Níbi tó bá ti gbà kí ẹlòmíì lé orin, tóun wá bá a gbè é, níbẹ̀ ni àwo yìí ti ń jó.

Already jẹ́ ẹ̀rí. Shatta Wale ti Ghana ló bá a kọ ọ́, GuiltyBeatz, ọmọ Ghana náà, wà lára àwọn tó po ìlù pọ̀ pẹ̀lú Major Lazer. Beyoncé bá Shatta Wale lọ sínú ohùn tirẹ̀, kò ní kí ó wá bá òun. Orin tó ń sọ fún èèyàn pé ọba ni láti ilẹ̀ wá, kò tún sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ. Bí DJ bá fẹ́ mú orin kan ṣoṣo láti inú àwo yìí lọ sí òde ìgbéyàwó, kó mú un, torí kò yára jù fún àwọn ìyá tó wọ aṣọ òkè, kò sì falẹ̀ jù fún àwọn ọmọ wọn.

Brown Skin Girl ló gbajúmọ̀ jù. Blue Ivy Carter, ọmọ Beyoncé, ló fi ohùn rẹ̀ ṣí i, òun ló fi ohùn pa á dé. SAINt JHN àti Wizkid wà nínú rẹ̀. Fídíò rẹ̀, tí Jenn Nkiru darí, gba Grammy ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Blue Ivy nígbà yẹn, Grammy àkọ́kọ́ tí Wizkid sì gbà nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ìlù náà sì fẹ́lẹ́ bí aṣọ àwọ̀sùn. Ẹ̀sùn kan ni a ní: Wizkid kò rí àyè tó. Ẹni tó gbé orin náà torí tirẹ̀ á máa dúró dè é, tó bá sì dé, kò ní pẹ́ tó fi lọ.

My Power ni orin tí èèyàn kò retí. Gqom ni ìlù rẹ̀, ìlù àwọn ọmọ Durban ní South Africa, DJ Lag sì wà nídìí rẹ̀. Gqom kì í lu ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dọ́gba bíi ti orin ijó tí wọ́n ń pè ní house. Ńṣe ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ìlù náà, tí wọ́n á fi àyè òfìfo sílẹ̀, kí béèsì wá já sínú àyè yẹn. Tierra Whack, Nija, Busiswa, Moonchild Sanelly, Yemi Alade àti Beyoncé ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn obìnrin. Kí ló dé tí èèyàn fi pọ̀ jù nínú Don't Jealous Me tí kò pọ̀ jù níbí? Ọ̀rọ̀ àyè náà ni. Gqom fi ihò sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rí ihò tirẹ̀. Ìlù Don't Jealous Me ti kún kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Water, tí Salatiel ará Cameroon àti Pharrell wà nínú rẹ̀, jẹ́ orin ìfẹ́ tó mọ́ létí, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Nile kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó wá torí Kendrick Lamar kò ní jẹun yó. Scar, ti 070 Shake àti Jessie Reyez, dà bí àlejò tó ṣìnà wọ ilé: orin tó dáa, àmọ́ kò bá àwọn ará ilé jọ, ohun tó sì mú un wọlé ni pé ìtàn ní ọ̀tá, ọ̀tá náà sì gbọ́dọ̀ ní orin.

Mood 4 Eva yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gé ohùn Oumou Sangaré ti Mali láti inú Diaraby Néné, wọ́n sì tò ó yí ká lábẹ́ Beyoncé, Jay-Z àti Childish Gambino. Childish Gambino yìí náà ni Donald Glover. Ibí nìkan ni Simba àti Nala inú fíìmù ti pàdé nínú The Gift gẹ́gẹ́ bí olórin. Níbẹ̀ ni Beyoncé ti ka orúkọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Nala, ti Ọ̀ṣun àti ti Ọbabìnrin Ṣébà. Ó tún dárúkọ Ọ̀ṣun nínú Black Parade. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé e láti ìgbà fídíò Hold Up ní 2016, níbi tó ti wọ aṣọ pupa rúsúrúsú tí omi ń ya jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò ní ṣe kàyéfì. Ohun tí etí Yorùbá á kàn gbọ́ ni pé tí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì bá pe orúkọ yẹn, ohùn á ga níwájú, á wálẹ̀ lẹ́yìn, nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó sì gòkè. Ohun tó kù sínú ìpè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn osùn tí à ń fi kun ara. A mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Òrìṣà náà kò ní bínú sí ohùn ẹnu àlejò. Àmọ́ dídárúkọ yàtọ̀ sí oríkì. Ẹni tó bá retí pé òun máa gbọ́ ìjìnlẹ̀ nípa Ọ̀ṣun nínú àwo yìí, orúkọ nìkan ló máa gbọ́.

Ẹ̀bi tó tóbi jù nínú àwo tí wọ́n pè ní lẹ́tà ìfẹ́ sí Áfíríkà ni ti ìlà oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Swahili. Swahili ni Simba, Swahili ni Rafiki, Swahili ni hakuna matata. Kenya ni àwọn tó ṣe fíìmù náà lọ wo ilẹ̀, koríko àti òkúta kí wọ́n tó yà á. Swahili pàápàá ni ẹgbẹ́ akọrin fi ṣí Spirit, tí wọ́n ń kí ọba pé kó pẹ́ láyé. Síbẹ̀, kò sí olórin Kenya, Tanzania tàbí Uganda kan nínú àwo náà. Nàìjíríà ní mẹ́fà, Ghana, South Africa, Cameroon àti Mali ní tiwọn. Èdè àwọn ará ibẹ̀ wọlé, àwọn fúnra wọn kò wọlé. Wọ́n pariwo lórí rẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì jàre. Ó rọrùn fún àwa tí a rí ara wa nínú rẹ̀ láti dákẹ́.

Spirit fúnra rẹ̀, tí Ilya Salmanzadeh àti Labrinth bá Beyoncé kọ sílẹ̀, tóbi bí orin ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ìkórè. Nígbà tí Simba ń sáré padà wálé nínú fíìmù ló dún. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jù. Nínú The Gift, lẹ́yìn gbogbo ìlù Èkó, Accra àti Durban, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé wa padà sí Hollywood.

Nípa bí ẹ ó ṣe gbọ́ ọ. Sípíkà fóònù kò lè gbé béèsì tó wà nísàlẹ̀ My Power àti Already jáde. Ohùn orí nìkan lẹ ó gbọ́, ẹ ó sì máa rò pé orin náà kò ní egungun. Íàpíìsì olówó kékeré pàápàá sàn jù ú lọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, tó jẹ́ bí ìṣẹ́jú 54, á jẹ bíi MB 39 tí ẹ bá fi ìwọ̀n dídára ohùn Spotify sí 96 kbps, bíi MB 65 ní 160, àti bíi MB 130 ní 320. Lórí íàpíìsì lásán, 160 tó. Iye tó lé lórí rẹ̀, orí ẹ̀rọ ńlá ni ẹ ti máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ máa gbọ́ ọ léraléra, ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi wà. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni ẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ wo àmì E, tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ọmọdé wà nínú orin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀. Orúkọ Disney kò sọ gbogbo orin inú rẹ̀ di ti ọmọdé.

Ẹni tó fẹ́ rí i lójú, Black Is King, fíìmù tí Beyoncé ṣe láti inú àwo yìí, ló gbọ́dọ̀ wá. Ọjọ́ kan náà tí Deluxe jáde ló bọ́ sórí Disney+, ìkànnì fíìmù Disney lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n M-Net sì gbé e sáfẹ́fẹ́ fún àwa tó wà ní Áfíríkà, torí Disney+ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Níbẹ̀, wọ́n yọ kìnnìún kúrò pátápátá, wọ́n fi ọmọ èèyàn rọ́pò rẹ̀, Brown Skin Girl sì wá rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Bí ẹ kò bá ní àkókò fún ju orin márùn-ún lọ, ẹ tò wọ́n báyìí: Find Your Way Back, Ja Ara E, Already, Brown Skin Girl, My Power. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gbọ́ Maradona ti Niniola, kí ẹ wá padà sí èyí àkọ́kọ́.